Fífi Fóònù Ṣe Kọ̀ǹpútà Kẹ̀kẹ́: Bí Ẹ Ó Ṣe Tò Ó Kí Ó Má Baà Já Yín Kulẹ̀ Lójú Ọ̀nà

Kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kékeré tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ máa ń so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wọn kí ó lè máa sọ fún wọn bí eré tí wọ́n ń sá ṣe tó, iye kìlómítà tí wọ́n ti rìn, bí òkè tí wọ́n gùn ṣe ga tó, àti ìkóríta tó yẹ kí wọ́n ti yà. Owó gọbọi ni wọ́n ń ta èyí tó dára nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ jùlọ ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú rẹ̀ ló ti wà nínú fóònù tó wà lápò yín: ohun tó ń gba àmì sátẹ́láìtì wà níbẹ̀, Bluetooth wà níbẹ̀, máàpù wà níbẹ̀, àyè tí ẹ ó kó àkọsílẹ̀ sí náà wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n fóònù ń ṣe ogún iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń yan èyí tí yóò pa tì nígbà tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí fóònù ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ tò ó kí ó tó gbéra nílé.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibi tí fóònù yóò wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré ra hódà, ohun tó ń di fóònù mú lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí wọ́n tó bi ara wọn bóyá wọ́n nílò rẹ̀ rárá. Bí ohun tí ẹ fẹ́ kò bá ju kí ẹ mọ bí ẹ ṣe rìn jìnnà tó, àsìkò tó gbà yín, àti ọ̀nà tí ẹ gbà, ẹ fi fóònù sí àpò ẹ̀yìn aṣọ tàbí sínú báàgì kékeré abẹ́ ìjókòó, kí ẹ sì pa ojú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bátìrì yóò pẹ́, oòrùn kò ní bá a, òjò kò ní tètè kàn án, bí ẹ bá sì ṣubú, fóònù tí ẹ ó fi ké sí èèyàn kò ní jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí yóò fojú gbolẹ̀. Ní tèmi, ọ̀nà yìí ló yẹ ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wa. Ìgbà tí ẹ bá nílò máàpù lójú ọ̀nà tí ẹ kò mọ̀, tàbí tí ẹ bá ń ṣe ìdánrawò tó gba pé kí ẹ máa wo eré yín àti bí ọkàn yín ṣe ń lù, ni ọ̀rọ̀ orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó wáyé.

Sátẹ́láìtì kì í béèrè dátà

Àwọn kan gbà pé bí kò bá sí dátà, fóònù kò lè mọ ibi tí ó wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ti Amẹ́ríkà wà lókè ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sí ilẹ̀, àmì tí wọ́n ń rán sísàlẹ̀ sì wà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tí yóò fi gbọ́ ọ. Fóònù kì í fèsì padà fún wọn, gbígbọ́ nìkan ló ń gbọ́, nígbà tó bá sì ti gbọ́ mẹ́rin ó kéré tán, yóò fi ìyàtọ̀ àsìkò tí àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣírò ibi tó wà. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní tún ń gbọ́ ti Rọ́ṣíà tó ń jẹ́ GLONASS, ti Yúróòpù tó ń jẹ́ Galileo, àti ti Ṣáínà tó ń jẹ́ BeiDou. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000, Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da àmì GPS tí àwọn ará ìlú ń lò rú, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, fóònù tó wà ní gbangba, níbi tí kò sí igi tàbí ilé gíga tó bo ojú ọ̀run, lè mọ ibi tó wà láàárín mítà márùn-ún síra. Ìyẹn tó fún kẹ̀kẹ́ dáadáa.

Iṣẹ́ méjì ni dátà ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé ó ń gbé máàpù wá, èyí tí ẹ lè gbà sórí fóònù sílẹ̀ láti ilé. Èkejì ni pé ó ń sọ fún fóònù ibi tí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan wà, kí ó má baà pẹ́ kí ó tó rí wọn. Láìsí ìrànlọ́wọ́ yìí, fóònù gbọ́dọ̀ gba ìsọfúnni náà láti ẹnu sátẹ́láìtì fúnra wọn, ìdajì ìṣẹ́jú sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Bí fóònù bá ti wà ní pípa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nítorí náà, ẹ ṣí áàpù yín ní ìta gbangba, ẹ dúró sójú kan títí tí yóò fi sọ pé òun ti rí ibi tí ẹ wà, kí ẹ tó tẹ ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bá tẹ̀ ẹ́ nínú ilé, tí wọ́n sì gbéra lójú ẹsẹ̀, ni àkọsílẹ̀ wọn máa ń fihàn pé wọ́n kọ́kọ́ fo orí òrùlé mẹ́ta kí wọ́n tó bọ́ sójú títì.

Ní ti áàpù, ẹ má kó wọn jọ. Ọ̀kan tó ń kọ ìrìn sílẹ̀ tó, nítorí bí méjì bá ń kọ ọ́ pọ̀, ṣe ni wọ́n ń jọ jẹ bátìrì. Strava ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ fi ìrìn òní wé ti oṣù tó kọjá. Komoot àti Ride with GPS ni mo kà kún fún títo ọ̀nà sílẹ̀ kí a tó jáde. OsmAnd àti Organic Maps ń lo máàpù OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ń jọ yà, ẹ sì lè gba gbogbo agbègbè tí ẹ fẹ́ rìn sórí fóònù kí ẹ má tún nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. OpenTracks, tó wà fún Android, kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí àkọsílẹ̀ ìrìn rẹ̀ kúrò lórí fóònù yóò fẹ́ràn rẹ̀.

Kí fóònù má pa áàpù yín lójú oorun

Ibí yìí ni fóònù ti máa ń já ènìyàn kulẹ̀ jù, mo sì fi ojú ara mi rí i. Lọ́jọ́ kan, mo rin nǹkan bí kìlómítà 60 yí adágún omi ńlá kan ká, fóònù sì wà lápò mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo délé tí mo sì ṣí áàpù, mo bá ìlà aláwọ̀ pupa tó tẹ̀ lé etí omi dáadáa títí dé ìwọ̀n kìlómítà 19, lẹ́yìn èyí ni ìlà náà gba orí omi kọjá ní tààrà bí okùn tí wọ́n nà, tó sì tún bọ́ sórí ilẹ̀ ní ìgbèríko òdìkejì, níbi tí mo ti yọ fóònù láti wo aago. Gbogbo gígùn tó wà láàárín kò sí níbẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe sátẹ́láìtì, kò sì sí ohun tó ṣe áàpù. Fóònù ló rí i pé ojú òun ti wà ní pípa fún ìgbà pípẹ́, ó rí áàpù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn, ó sì pa á kí ó lè tọ́jú bátìrì.

Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ wá áàpù náà nínú àwọn tó wà lórí fóònù, ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ Battery sí, kí ẹ sì yan Unrestricted. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe fóònù tún ní àtòkọ mìíràn tiwọn tí wọ́n fi ń mú áàpù sùn, nítorí náà ẹ wò ó bóyá áàpù yín wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́. Ẹ pa Battery Saver, torí pé lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ó lè dá wíwá ibi tí ẹ wà dúró nígbà tí ojú fóònù bá ti kú. Ẹ lọ síbi àṣẹ Location áàpù náà, kí ẹ rí i pé ẹ fún un láṣẹ láti mọ ibi tí ẹ wà gan-an, kì í ṣe agbègbè yín lásán. Lórí iPhone, Precise Location ni orúkọ àṣẹ yìí, ẹ tàn án, ẹ má sì gbá áàpù náà dànù láàárín àwọn tó wà ní ṣíṣí, torí pé bí ẹ bá ti gbá a dànù, kíkọ sílẹ̀ ti dópin nìyẹn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ tẹ ìbẹ̀rẹ̀, ẹ pa ojú fóònù, ẹ fi sápò, kí ẹ sì gun kẹ̀kẹ́ yí àdúgbò ká fún ìdajì wákàtí. Bí ìlà tí ẹ bá bá níbẹ̀ bá tẹ̀ lé gbogbo kọ̀rọ̀ tí ẹ yà sí, ẹ ti ṣe é bó ti yẹ. Lẹ́yìn ìgbàkígbà tí fóònù bá ti ṣe ìmúdójúìwọ̀n ńlá, ẹ tún dán an wò, nítorí ó lè dá àwọn àṣẹ wọ̀nyí padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Bátìrì àti ooru

Ojú fóònù ló ń jẹ bátìrì jù, kì í ṣe GPS. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ ṣì lókun lè kọ ìrìn odindi ọ̀sán kan sílẹ̀ bí ojú rẹ̀ bá wà ní pípa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tan ojú náà dé góńgó lábẹ́ oòrùn, wákàtí díẹ̀ ló máa gbà kí ó tó máa kìlọ̀ fún yín. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ máa wò ó, ẹ jẹ́ kí áàpù máa tan ojú fóònù nígbà tí ìkóríta bá kù díẹ̀ nìkan, èyí tí OsmAnd lè ṣe. Bí fóònù yín bá ní ojú OLED, ẹ yan àwọ̀ dúdú fún áàpù, nítorí ibi tó bá dúdú lórí irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í lo iná. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá lágbára, wíwá tí fóònù ń wá òpó kiri a máa fa bátìrì gan-an. Ẹ lè tan Airplane mode, GPS yóò ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹ sì lè tún Bluetooth tàn lẹ́yìn náà. Ohun tí ẹ ó fi dípò rẹ̀ ni pé ìpè kò ní wọlé, àwọn ará ilé kò sì ní lè rí ibi tí ẹ wà.

Fún ìrìn ọjọ́ gbọọrọ, ẹ mú páwà báǹkì dání. Ẹ má gbàgbọ́ pé èyí tí wọ́n kọ 10,000 mAh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) sí lára yóò gba fóònù 5,000 mAh ní ẹ̀ẹ̀mejì pọ́n-ún, torí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń di ooru lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ lọ ni kí ẹ fi ọkàn sí.

Ọ̀rọ̀ ooru kò ṣeé fojú fò. Apple sọ pé ibi tí ooru rẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n Celsius 0 sí 35 ni iPhone wà fún. Fóònù tó wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ní ọ̀sán gangan, tí ojú rẹ̀ tàn dé góńgó, tí ó sì ń gba iná lọ́wọ́ páwà báǹkì, yóò kọjá ìyẹn láìpẹ́: yóò kọ́kọ́ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù títí tí ẹ kò fi ní rí nǹkan kan mọ́, yóò dáwọ́ gbígba iná dúró, bí ẹ kò bá sì ṣe nǹkan kan sí i, yóò kú. Ìgbà tí ẹ bá dúró sinmi lábẹ́ ibòji ni kí ẹ fi iná sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́

Ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé kí ẹ lo fóònù àtijọ́ yín. Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ ti ní ìlà díẹ̀, tí ẹ kò fi pe ẹnikẹ́ni mọ́, ni ó yẹ kí ó dúró lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Kò nílò síìmù. Ẹ gba máàpù sí i láti ilé, ẹ yọ gbogbo áàpù mìíràn kúrò, ẹ pa ohun gbogbo tó ń dún, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Fóònù gidi yín yóò wà lápò pẹ̀lú bátìrì tó kún. Kìkì pé bí ẹ̀yìn fóònù àtijọ́ náà bá ti wú, ẹ má fi iná sí i mọ́, nítorí bátìrì tó wú lè gbiná.

Ní ti hódà, àwọn tí wọ́n fi rọ́bà fífà ṣe rọrùn láti gbé láti orí kẹ̀kẹ́ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń jẹ́ kí fóònù máa mì, rọ́bà náà a sì máa bo igun ojú fóònù. Èyí tí fóònù ń wọ àpótí rẹ̀, tí ẹ ó sì yí i díẹ̀ kí ó tó há, ni mo fọkàn tán. Ẹ fi sáàárín, lókè ibi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti pàdé ọrùn rẹ̀, kí ó má baà yọ síta. Ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún àti sósì dé òpin, kí ẹ rí i pé kò há wáyà bíréékì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ sókè bí ìbú ọwọ́ kan, ẹ jù ú sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì wò ó bóyá fóònù ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ so láti àpótí fóònù mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti gba fóònù mi là ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ tún ro ti kámẹ́rà. Ní ọdún 2021, Apple kìlọ̀ pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì alùpùpù ńlá lè ba ohun tó ń mú kámẹ́rà iPhone dúró ṣinṣin jẹ́ bí fóònù bá wà lórí ọwọ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò ní ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ọ̀nà olókùúta ń gbọ̀n fóònù náà lọ́nà tirẹ̀, nítorí náà èmi kì í gbé fóònù tí mo fi ń ya àwòrán sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Òjò a máa tẹ ojú fóònù bí ìka ọwọ́. Mo ti rí i tí ẹ̀kán omi mélòó kan dá kíkọ sílẹ̀ dúró, tí wọ́n sì ṣí ohun tí n kò béèrè. App pinning lórí Android, tàbí Guided Access lórí iPhone, yóò há fóònù mọ́ inú áàpù kan ṣoṣo. Guided Access tún lè mú kí ojú fóònù kọ ìka ọwọ́ pátápátá títí tí ẹ ó fi tú u sílẹ̀. Àpò ọ̀rá tó mọ́ gaara náà ń ran ni lọ́wọ́. Bí ihò ṣájà bá ti tutù, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́.

Sẹ́ńsọ̀

GPS tó fún eré àti kìlómítà lójú títì. Ohun tí kò lè mọ̀ ni iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yín ń yí pẹ́dà láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ọkàn yín ṣe ń lù, àti eré yín nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá wà lórí ẹ̀rọ ìdánrawò inú ilé. Sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tí ẹ ó so mọ́ kẹ̀kẹ́ tàbí mọ́ ara yín, ló ń sọ ìwọ̀nyí. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo ara páálí rẹ̀: ọ̀nà méjì ni sẹ́ńsọ̀ kẹ̀kẹ́ ń gbà sọ̀rọ̀, ANT+ àti Bluetooth, iPhone kò sì gbọ́ ANT+. Ẹ ra èyí tó ní méjèèjì, kí ó lè wúlò bí ẹ bá padà wá ra kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Inú áàpù ni kí ẹ ti so ó pọ̀, kì í ṣe láti ibi Bluetooth fóònù fúnra rẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tàbí pẹ́dà kí sẹ́ńsọ̀ lè jí.

Bí sẹ́ńsọ̀ eré bá wà lára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, áàpù yóò béèrè bí àyíká táyà yín ṣe gùn tó. Fún táyà tí wọ́n kọ 700 × 25 sí lára, mìlímítà 2,105 ni wọ́n sábà máa ń kọ, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ fúnra yín wọ̀n ọ́. Ẹ fún táyà ní atẹ́gùn tó tó, ẹ dá fáàfù rẹ̀ dúró sísàlẹ̀ gan-an, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jókòó lé kẹ̀kẹ́ kí táyà lè tẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ yí lọ síwájú ní tààrà títí fáàfù yóò fi padà sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ fa ìlà kejì, kí ẹ sì fi mẹ́ta pín gígùn tó wà láàárín ìlà méjèèjì. Bí ẹ bá fi mìlímítà 21 ṣì í, kìlómítà kan ni yóò fi purọ́ fún yín nínú 100.

Gíga òkè ni kí ẹ má jà lé lórí. Àwọn fóònù kan ní ohun tó ń wọn ìtẹ̀sí afẹ́fẹ́, èyí tó ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí hectopascal kan (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtẹ̀sí afẹ́fẹ́) fún mítà mẹ́jọ tí ẹ bá gùn nítòsí ìpele òkun. Ó dára ju GPS nìkan lọ, ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá yí padà, ìtẹ̀sí afẹ́fẹ́ náà yóò yí, fóònù yóò sì sọ pé ẹ gun òkè tí kò sí níbẹ̀.

Ojú ọ̀nà, àti lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ tan Do Not Disturb kí ẹ tó gbéra, kí iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ má baà bo máàpù mọ́lẹ̀ nígbà tí ìkóríta bá dé. Ẹ jẹ́ kí áàpù máa fi ohùn sọ ibi tí ẹ ó yà sí, kí ojú yín lè wà lọ́nà; bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ dúró. Ẹ kọ irú ẹ̀jẹ̀ yín àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè sí ibi ìsọfúnni pàjáwìrì, èyí tí ẹlòmíràn lè kà láìṣí fóònù yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnìkan nílé máa rí ibi tí ẹ wà.

Àkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí síwájú ilé yín lójoojúmọ́ ń fi ilé yín han gbogbo ayé, àti àsìkò tí ẹ kì í sí níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn ènìyàn ṣàkíyèsí pé máàpù tí Strava gbé jáde, tó kó ìrìn gbogbo ènìyàn pọ̀, ń fi àwọn àgọ́ ọmọ ogun hàn. Nínú ètò áàpù yín, ẹ yan kí ó bo ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìrìn yín mọ́lẹ̀, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó gbé ìrìn àkọ́kọ́ síta.

Ibì kan wà tí kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ ti ṣáájú fóònù tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Lára ọ̀pọ̀ wọn, bí oòrùn bá ṣe ń ràn tó ni ojú wọn ń mọ́ sí i, bọ́tìnnì wọn ń gbọ́ ìka tó wọ ìbọ̀wọ́, wọn kì í sì í ka òjò sí. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ju wákàtí mẹ́jọ lọ́jọ́ kan, tó sì gbọ́dọ̀ máa wo máàpù ní gbogbo àsìkò náà, ni mo máa sọ fún pé kó ra ọ̀kan.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ dá kíkọ sílẹ̀ dúró kí ẹ tó wọlé, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e jáde ní fáìlì GPX, irú fáìlì tó ń kó ọ̀nà tí ẹ rìn pamọ́, sí ibi tí ẹ ń kó nǹkan yín pamọ́ sí. Ọ̀pọ̀ áàpù kẹ̀kẹ́ ló lè ka GPX, nítorí náà bí ẹ bá fi áàpù kan sílẹ̀ lọ́la, ìrìn yín kò ní bá a lọ. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu òógùn kúrò lára fóònù, ẹ wo ihò ṣájà bóyá eruku tàbí omi wà níbẹ̀, kí ẹ tó fi iná sí i.